Ìráhùn Ẹni Tó Yó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ìráhùn ẹni tó yó. Ọba ohùn ni. Àgbà ọ̀rọ̀ tí í wọ agbádá ni, tí í fọwọ́ pa ikùn kó tó ya ẹnu. Ìwọ ìráhùn ẹni tó yó, ìwọ tí o máa ń ti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ ibùdókọ̀ Ọ̀fà, tí o ń mí kanlẹ̀ pé ìlú le, pé ọjà kò tà, pé ẹ̀mí nìkan ló kù: kò sí irú rẹ nínú gbogbo ọ̀ṣọ́ tí ọkùnrin lè fi sára. Góòlù ń ṣá. Léèsì ń ya. Bàtà tuntun ń ha ẹsẹ̀. Ìwọ nìkan ni ọ̀ṣọ́ tí kì í ná olówó ní kọ́bọ̀, tó sì ń ṣọ́ gbogbo ohun tó kù nílé fún un. Ẹni tó bá ti ráhùn láàárọ̀, kò sẹ́ni tí yóò wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìbátan tó gbé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ọmọ wá yóò kí i kú ìrọ́jú, yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà padà sílé.

Ní Ọ̀fà tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ kì í kọ́ òwò kó má kọ́ ìráhùn mọ́ ọn. Mo mọ ọkùnrin kan tó ra ọkọ̀ akẹ́rù tuntun. Nígbà tí a lọ kí i kú orí ire, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń sọ bí epo dísẹ̀lì ṣe wọ́n tó, títí àwa tí a wá bá a yọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kẹ́dùn.

Àwọn tí kò ní kò ní irú ọ̀ṣọ́ yìí. Tiwọn ni “a dúpẹ́”. Ẹni tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná, bí o bá bi í pé báwo ni, yóò ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara le. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Bí ó bá ní ebi ń pa òun, ó ti ṣàìmoore sí Ọlọ́run, ó ti dójú ti àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti sọ àlejò di ẹni tó gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ nǹkan méjèèjì yìí. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n. Ó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kí ènìyàn tó lè gbàgbé rẹ̀. Mo ní ìwé ẹ̀rí náà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìgò la máa ń gbé lọ sí ọsibítù. Ìyá mi á fi omi gbígbóná ṣan ìgò, nọ́ọ̀sì á da oògùn olómi pupa sínú rẹ̀, a ó sì gbé e bọ̀ wálé láìsan nǹkan kan. Nígbà tí mo fi jáde yunifásítì, tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ̀nà, ìgò kò tó mọ́. Aláìsàn ló ń ra òwú wá. Òun ló ń ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà yóò wọ̀, àti abẹ́rẹ́, àti okùn tí wọn ó fi rán an. Bí iná bá lọ, ẹbí rẹ̀ á wá kẹrosíìnì. Ohun tó kù kí wọ́n ní kó gbé wá láti ilé ni dókítà fúnra rẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ológun ṣì wà lórí oyè, àjọ kan láti òkè òkun ní àwọn yóò bá wa tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ètò wọn kò burú. Ẹni tó bá ní lọ́wọ́ á máa dá owó díẹ̀díẹ̀ sínú àpò ìlera kan kí àìsàn tó dé. Ẹni tí kò ní á gba káàdì, wọn á sì fi káàdì náà tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àpò kan náà. Wọ́n ní Ọ̀fà àti àwọn ìlú tó yí i ká ni wọn ó ti dán an wò, bó bá sì ṣiṣẹ́, gbogbo orílẹ̀-èdè á gbà á. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣòro níbẹ̀ ni kí a mọ ẹni tí kò ní. Wọ́n rán kọ́ńsọ́táǹtì kan sí wa láti Èkó láti wá bá wa mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé òkè òkun pẹ́, ó sì ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí yanrìn ọ̀sán. Ó ní ká máa pe òun ní Dókítà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé Ìlemọ̀nà, ìyá kan gbọ́ pé dókítà ti dé, ó gbé ọmọ tí ibà ń ṣe wá bá a lẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì. Dókítà sún sẹ́yìn díẹ̀ nítorí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún ìyá náà pé dókítà ètò ọrọ̀-ajé ni òun. “Ètò ni mò ń wò,” ló wí, “n kì í wo ènìyàn.” Obìnrin náà kí i kú iṣẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ. Láti ọjọ́ náà títí iṣẹ́ fi parí, n kò gbọ́ kí ó tún sọ òótọ́ tó mọ́ tónítóní tó ìyẹn.

Èmi ni wọ́n yàn láti máa bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n pè mí ní kọ́ńsọ́táǹtì abẹ́lé. Mo lọ ṣe káàdì tí orúkọ àti oyè mi wà lára rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà pólì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í de táì nínú oòrùn tí adìyẹ pàápàá kò jẹ́ jáde sí.

Dókítà kò fẹ́ ká bi àwọn baálé nípa ẹni tí kò ní, nítorí àwọn baálé á máa kó ẹbí wọn wá. Kò fẹ́ ká bi aládùúgbò. Kò fẹ́ ká wo òrùlé tàbí àká. Gbogbo ìyẹn, ojúsàájú ló pè é. Ohun tó fẹ́ ni pé ká lọ láti ilé dé ilé, ká bi olórí ilé ní ìbéèrè méjìdínlógún, ká kọ ohun tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ká sì kó o lọ fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ni yóò dá a mọ̀. Ó kọ ìbéèrè náà lédè òyìnbó, èmi ni mo sì tú u. Ọ̀kan ni pé: nínú oṣù tó kọjá, ǹjẹ́ ó ṣẹlẹ̀ pé oúnjẹ tán nílé yín, tí kò sí ohun tí ẹ ó fi ra òmíràn? Èyí tó kẹ́yìn ni pé: ṣé nǹkan dára fún yín tó ti àwọn aládùúgbò yín? Mo tú u dáadáa. Kò sí àṣìṣe kankan nínú Yorùbá rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti burú.

Mátírónì kan wà pẹ̀lú wa, obìnrin Ọ̀fà tó ti gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń lọ ilé-ìwé lágbègbè náà. Òun ló gbẹ̀bí èmi náà. Mummy ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó ka ìbéèrè náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Dókítà, ẹ má bínú o,” ló wí. “Ẹni tí ebi ń pa kò ní í sọ fún yín. Ẹni tó yó ni yóò sọ.”

Dókítà rẹ́rìn-ín ẹni tí ìwé ìrìnnà àbọ̀ ti wà lápò rẹ̀. Ó ní, “Mummy, tí a kò bá gba ẹnu ènìyàn gbọ́, kí la fẹ́ gbà gbọ́?” Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí èmi tí mo kàwé sọ̀rọ̀. Mo ní òótọ́ ni Dókítà ń sọ. Mo tiẹ̀ fi òyìnbó gígùn kan kún un. Títí dòní, bí mo bá rántí òyìnbó náà, etí mi máa ń gbóná.

Lọ́jọ́ náà a fi ara wa kọ́ iṣẹ́. Ẹnì kan á bèèrè, ẹnì kejì á dáhùn gẹ́gẹ́ bí olórí ilé tirẹ̀. Nítorí pé fọ́ọ̀mù kò pọ̀, tí nọ́ńbà sì ti wà lára wọn, fọ́ọ̀mù gidi la lò, wọ́n sì kó wọn pọ̀ mọ́ ti ará ìlú. A ráhùn lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá, owó oṣù sì ti pẹ́. Ká ní wọ́n ń fi ìráhùn san owó oṣù ni, à bá ti kọ́lé.

Ìgboro Ọ̀fà la ti bẹ̀rẹ̀. Alhaji kan ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ilé rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì, jẹnẹrétọ̀ sì ń kùn lẹ́yìnkùlé. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí n jókòó sórí àga tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo bi í bóyá oúnjẹ ti tán nílé rẹ̀ rí nínú oṣù náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó ti tán tipẹ́, àánú Ọlọ́run ni àwọn ń jẹ. Mo bi í bóyá nǹkan dára fún un tó ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó ní àwọn aládùúgbò òun sàn jù òun lọ fíìfíì, nítorí wọn kò ní ilé ńlá tí wọn yóò máa tún ṣe. Ó tẹ̀ síwájú láti rí i pé mò ń kọ ọ́. “Kọ ọ́ dáadáa,” ló wí. “Kọ ọ́ pé Alhaji ní ẹ̀mí nìkan ló kù.” Mo kọ ọ́. Bí mo ṣe ń jáde, ẹran tí wọ́n ń dín nílé ìdáná rẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ dé ojú títì.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òjòkú. Àgbẹ̀ kan ń gbé ní ìpẹ̀kun ìlú, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n kó òkúta lé páànù ilé rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ògiri igun kan ti tẹ̀, wọ́n fi igi tì í. Bàbá náà ní ìpá, ó sì tóbi débi pé ó ń la ẹsẹ̀ rìn, ó fi aṣọ gbá a mọ́ra lábẹ́ ṣòkòtò. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án. Èmi náà kò mẹ́nu kàn án, nítorí ìbéèrè méjìdínlógún náà kò mẹ́nu kàn án.

Bí mo ṣe jókòó, ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ tó dérí gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé kejì. Nígbà tó padà, abọ́ náà wúwo. Láìpẹ́, wọ́n gbé iṣu sísè àti epo síwájú mi. Mo jẹ ẹ́. Mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo bi í bóyá oúnjẹ ti tán nílé rẹ̀ rí nínú oṣù náà.

Bàbá wo abọ́ iwájú mi. “Ṣé kò tó yín ni?”

Mo ní ó tó, ìbéèrè ìjọba ni.

“Há, rárá o. A dúpẹ́. Iṣu wà, àwa náà wà.”

Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ aládùúgbò, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ta ni òun tí òun ó fi máa fi ara òun wé ẹlòmíràn. Ó ní nǹkan dára. Ó ní kí n máa jẹun kó má tutù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan dára.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orúkọ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àwọn ilé ìwòsàn. Mo dúró níwájú ti Ọ̀fà, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alhaji onísìmẹ́ńtì wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ilé mẹ́rin tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì, ó wà níbẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó ń ta aṣọ. Bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó lè yá ènìyàn lówó ní Ọ̀fà lọ́dún náà, ìwé aláìní ni kí o lọ kà. Ní Òjòkú, orúkọ kò ju mélòó kan lọ. Gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ti wí, ìlú tó rí já jẹ ni.

Káàdì náà lẹ́wà, kí n má purọ́. Fọ́tò wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà bò ó tí omi kò lè wọ̀ ọ́. Alhaji fi okùn so tirẹ̀ mọ́ ọrùn lọ kírun Jímọ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́, Mátírónì ti lọ fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Òjòkú, ó sì bá àgbẹ̀ náà nílẹ̀, ó ká ara rẹ̀ kò, òógùn bò ó. Ìpá náà ti há. Mátírónì dá a dùbúlẹ̀, ó rọra fọwọ́ tì í títí ó fi padà sínú. Ó gbé e dé ọsibítù. Dókítà gidi, èyí tó ń wo ènìyàn, sọ fún wọn pé bó bá tún há tí kò bá padà mọ́, ìfun á rà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ á kó owó sílẹ̀, tàbí kó mú káàdì wá. Bàbá kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Mátírónì wá bá mi ní ọ́fíìsì ní Ìlemọ̀nà. Kò jókòó.

“Ta ló kọ fọ́ọ̀mù bàbá Òjòkú?”

“Èmi ni, Mummy.”

“O rí ilé yẹn?”

“Mo rí i, Mà.”

“O rí ìpá yẹn?”

“Mo rí i.”

“Kí lo wá kọ?”

Mo ní ohun tó sọ ni mo kọ.

“Lọ́jọ́ tí mo gbẹ̀bí rẹ,” ló wí, “mo bi ìyá rẹ bó ṣe ń ṣe é. Ó ní kò dun òun, kí n máa lọ sinmi. Ká ní ohun tó sọ ni mo kọ, inú rẹ̀ lò bá kú sí.”

Mo lọ bá Dókítà. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ́tí. Ó ní ẹyọ ènìyàn kan kò lè ba ìṣirò jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ètò ti fi àyè sílẹ̀ fún irú rẹ̀. A lè tún bàbá náà bi lẹ́ẹ̀kan sí i, níwájú ẹlẹ́rìí méjì kí màgòmágó má baà wọ̀ ọ́. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, níwọ̀n bí iye káàdì ti pé, ẹni tó bá fẹ́ lè yọ̀ǹda tirẹ̀, kó sì fi orúkọ ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. A ó wá lẹ orúkọ ẹni tó yọ̀ǹda mọ́ ògiri, kí gbogbo ayé lè yìn ín.

Mo padà sí Òjòkú. Mo kọ́kọ́ fa bàbá sí ìdí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ní, “Bàbá, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé oúnjẹ máa ń tán. Ẹnu lásán ni. Wọn á ṣe iṣẹ́ abẹ yín lọ́fẹ̀ẹ́.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ó yé òun, òun yóò sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí sí i bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní sùúrà.

Ẹlẹ́rìí méjì jókòó. Ọ̀kan ni baálé agboolé náà. Èkejì ni ọkùnrin kan tó ti ìlú tó múlé gbè wọ́n wá kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n sì fún ní àga tó dára jù. Mo bi bàbá ní ìbéèrè. Ó la ẹnu. Ó wo baálé. Ó wo àlejò. Ó tún la ẹnu.

“A dúpẹ́,” ló wí. “Oúnjẹ kì í tán nílé wa.”

Ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ, a sì gbọ́ tó gbé nǹkan kan sọ sílẹ̀.

Bàbá sìn mí dé ọ̀nà, ó ń la ẹsẹ̀ rìn. “Ẹ má bínú, akọ̀wé,” ló wí. “Àna mi ni àlejò tí ẹ rí un. Ọmọ mi obìnrin wà nílé wọn. Bí mo bá sọ ọ́, òun ni wọn yóò máa fi bú.”

Bóyá mo fẹ́ kí ojú kúrò lára mi ni, mo ṣèlérí fún un níbẹ̀ pé n ó bá a gba káàdì lọ́wọ́ ẹnì kan nínú àwọn tó wà nínú ìwé. Ó ṣàdúrà fún mi, ó pẹ́. Ó tọrọ àwọn ọmọ tí n kò tíì bí àti ilé tí n kò tíì kọ́ fún mi.

Alhaji ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo ṣàlàyé ìpá, mo ṣàlàyé ikú. Ó káàánú gidi, omi tiẹ̀ lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wá di okùn ọrùn rẹ̀ mú.

“Kí n dá a padà? Kí wọ́n wá lẹ orúkọ mi mọ́ ògiri pé Alhaji ti lówó? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lẹ ìwé yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á ti Èkó dé kí n tó kírun Àsárì. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

Mo ní bàbá náà ló ń kú lọ.

“Ṣebí òun náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ní? Ṣé kí n wá pe àgbàlagbà ní òpùrọ́ ni?” Ó mí kanlẹ̀. “Ìlú le, ọmọ mi. Lọ bi àwọn tó kù.”

Mo bi àwọn tó kù. Oníbọ́ọ̀sì mẹ́ta ní ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì òun wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí n má dá kún ẹ̀dùn òun. Ọ̀gá ilé-ìwé ka ìlànà ètò náà tí mo tú sí Yorùbá sí mi létí, apá ibi tó ti sọ pé dandan kọ́ ni kí ẹnikẹ́ni yọ̀ǹda, ó sì tọ́ka sí ibi tí mo ti ṣi àmì ohùn fi. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n gba omi tútù mu. Gbogbo ibi tí mo dé, àga rọ̀, ìlú sì le. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn. Mo bínú sí wọn débi pé mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lójú títì. Mo pè wọ́n ní ìgbín tó gbé ilé sẹ́yìn tó ń tọrọ ibùsùn.

Mo padà sọ fún Mátírónì pé kò sẹ́ni tó gbà.

“O dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé?”

“Gbogbo wọn, Mummy.”

Ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá fi káàdì gba ìtọ́jú sí wà níwájú rẹ̀. Ó ṣí i, ó tún pa á dé. “Gbogbo wọn tán?”

Mo ní gbogbo wọn tán.

Ọjọ́ ọjà Òjòkú ni ìpá náà tún há, kò sì padà mọ́. Ìyàwó bàbá ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ta èbù iṣu tó wà nínú àká, gbogbo ohun tí wọn yóò gbìn lọ́dún náà, ó tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn, ní iye tí ẹni náà dárúkọ. Wọ́n gbé bàbá sórí gbágùúdá nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ ní Ọ̀fà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò kú. Nígbà tí mo lọ kí i, ó gbìyànjú láti dìde fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun gbọ́ bí mo ṣe rìn kiri nítorí òun, Ọlọ́run yóò san án fún mi. Mátírónì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ń ká aṣọ. Kò wojú mi.

Ìròyìn tí Dókítà kọ gba ìyìn. Ó ní ìwádìí náà ti fi hàn pé ọ̀nà wà láti mọ aláìní láìfi ojúsàájú ṣe é. Èmi ni mo tú àkópọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Àwòrán Alhaji pẹ̀lú káàdì lọ́rùn ló wà níwájú ìwé náà, ó rẹ̀wẹ̀sì dáadáa. Lẹ́yìn ọdún kan wọ́n ní ká tún lọ bi àwọn ènìyàn náà ní ìbéèrè wọn kan náà. N kò bá bàbá nílé. Níwọ̀n bí kò ti sí èbù tí yóò gbìn, oko àna rẹ̀ ló ti ń gba iṣẹ́ ṣe, àna kan náà tó jókòó sórí àga tó dára jù. Mo bá a nínú poro. Ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Mo bi í bóyá oúnjẹ máa ń tán nílé rẹ̀. Ó fi ọkọ́ tilẹ̀, ó nu ojú.

“A dúpẹ́, akọ̀wé,” ló wí. “Ilé ńkọ́?”

Irọ́ ni mo pa fún Mátírónì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo bi. Ó ku ẹnì kan.

Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlemọ̀nà, nígbà tó kàn mí láti dáhùn, mo ní oúnjẹ máa ń tán nílé mi. Mo ní àwọn aládùúgbò mi sàn jù mí lọ. Mo fọwọ́ pa ikùn. Kọ̀ǹpútà gbà mí gbọ́. Káàdì mi wà nínú pọ́ọ̀sì mi, lẹ́yìn èyí tí mo kọ kọ́ńsọ́táǹtì sí, ní gbogbo ìgbà tí mo jókòó níwájú Alhaji tí mò ń bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda tirẹ̀. Mo ti fi yọ eyín kan. Mátírónì ló kọ orúkọ mi sínú ìwé lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀pọ̀ orúkọ tó wà nínú ìwé Ìlemọ̀nà, kò sẹ́ni tó fiyè sí tèmi. Ká ní mo yọ̀ǹda rẹ̀, wọn ì bá lẹ orúkọ mi mọ́ ògiri lóun nìkan, gbogbo ìlú ì bá sì mọ̀ pé mo gbà á. Nítorí náà n kò yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi náà ráhùn, mo gba káàdì, mo sì tọ́jú rẹ̀ sápò.